Ẹ̀hónú Lórí Ẹ̀bùn Kìn-ín-ní Tí Ẹ Fún Mi Nínú Ìdíje Fèrè Alápò

Zacharie Fádèyí,
Àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Pobè.
14 oṣù Kẹfà, 1963.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdíje Orin Ọdún Òmìnira,
Ilé Ìpàdé Ìlú,
Sakété.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÍ TÍ MO FI Ń DÁ Ẹ̀BÙN KÌN-ÍN-NÍ PADÀ, ÀTI ÌBÉÈRÈ KAN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ TÚN BI MÍ

1. Èmi Zacharie Fádèyí, àgbẹ̀, ọmọ bíbí Pobè, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ni mo kọ ìwé yìí. Mo rí ìwé yín ti ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún gbà. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé orúkọ mi nìkan ló wà lábẹ́ fèrè alápò fún ìdíje ọdún yìí, pé nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn kìn-ín-ní ti di tèmi, àti pé n kò ní láti yọ ara mi lẹ́nu láti fọn fèrè kankan lọ́jọ́ ọdún, kí n ṣáà wá gba ẹ̀bùn. Inú rere ni ẹ fi kọ ọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ mú ẹ̀bùn yín dání. N kò fẹ́ ẹ. Èyí tí ẹ fún mi lọ́dún tó kọjá pàápàá, mo ń dá a padà.

2. Mo mọ̀ pé èdè Faransé ni ìwé fi ń rìn ní biró, ilé iṣẹ́ yín, mo sì lè rí akọ̀wé tí yóò bá mi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ sọ, èdè wa ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo Sakété, nínú gbólóhùn kan tí kò gùn ju èémí kan lọ. Èdè náà ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kà á.

3. Nítorí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fèrè alápò jẹ́. Àpò awọ ewúrẹ́ kan ni a ń há sí abíyá òsì. A ó fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, a ó sì fi apá fún un. Fèrè kan wà níwájú tí ìka ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, fèrè mẹ́ta mìíràn wà léjìká, tí wọ́n ń kùn láìdákẹ́ títí orin yóò fi parí. Àwọn ọmọ Pobè ń pe tèmi ní Ewúrẹ́ Fádèyí, n kì í bá wọn jà. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè Dahomey yìí, méjì péré ni mo mọ̀ pé ó wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Èkejì wà lọ́wọ́ Ọdẹ́wálé, àgbẹ̀ ní Ahoyéyé, ọ̀rẹ́ mi. Bóyá ó yẹ kí n kọ ọ́ pé ẹni tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ mi rí. Ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó tọ́.

4. Ní àsìkò ogun, nígbà tí wọ́n ń kó ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ ipá ní agbègbè wa, èmi àti Ọdẹ́wálé àti Èṣùbíyìí, ọmọ Takon, sá gba ọ̀nà Ìlaròó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A sá fún wàhálà, a bọ́ sínú ogun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wá sí ọmọ ogun, wọ́n sì kó wa lọ sí Bọ́mà. Sájẹ́ǹtì wa, òyìnbó tó ń jẹ́ Makilíọ̀dù, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Sikọ́tilandi ni, ó sì máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló kọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní fèrè alápò. Ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí ìbọn bá dákẹ́, á máa sọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ fún wa.

5. Ó ní lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn afọnfèrè a máa pàdé lórí pápá láti díje. Onídàájọ́ mẹ́ta ni yóò jókòó pẹ̀lú bébà àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹnìkan ni yóò máa fọn lẹ́ẹ̀kan, yóò kọ́kọ́ tún ohùn fèrè rẹ̀ ṣe, kò sì sẹ́ni tí yóò kán an lójú. Lẹ́yìn náà ni yóò fọn ohun tí wọ́n ń pè ní orin ńlá. Orin ńlá kì í yára. Ó ní ìpìlẹ̀ kan tí a ó máa yí padà, tí a ó máa yí padà, títí a ó fi padà sí ìpìlẹ̀ náà bí ẹni tó dé ilé. Àwọn onídàájọ́ kì í wo aṣọ, wọn kì í wo ojú. Sájẹ́ǹtì ní àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa dijú kí ohun tí wọ́n ń wò má bàa dí ohun tí wọ́n ń gbọ́ lọ́wọ́. Afọnfèrè náà kì í dúró sójú kan. Yóò máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò lọ, yóò yí, yóò bọ̀. Èṣùbíyìí ló béèrè ìdí rẹ̀. Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn pé, “Ẹni tí o ń fọn ọ́n fún kò sí níbi tí o dúró sí. Máa lọ pàdé rẹ̀.” Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Èṣùbíyìí kú. A sin ín sínú igbó Bọ́mà, èmi àti Ọdẹ́wálé sì fọn orin ńlá lórí ibojì rẹ̀, a lọ, a bọ̀, a lọ, a bọ̀, nínú òjò.

6. Láti ọdún 1946 tí a ti padà sílé pẹ̀lú fèrè wa, títí di ọdún tó kọjá, kò sí ọjọ́ ọjà kan tí èmi àti Ọdẹ́wálé kò pàdé nídìí igi òro tó wà lójú ọ̀nà Ahoyéyé. Ẹ mọ̀ pé ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ìjọ. Àwọn ènìyàn ní ẹ̀sìn ni yóò yà wá. Kò yà wá. Fèrè alápò fẹ́ ènìyàn méjì. Ẹnìkan lè dá a fọn, ṣùgbọ́n kíkùn àwọn fèrè èjìká ti kún etí ẹni tó ń fọn ọ́n, kò lè mọ̀ dáadáa bí wọ́n bá ti yẹ̀ kúrò lójú ohùn. Ẹnìkejì ni yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́, tí yóò máa fà á gùn, tí yóò máa tì í kúrú, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ohùn kan. Èmi ni mo ń ṣe tirẹ̀, òun ló ń ṣe tèmi. A sì máa ń bá ara wa díje. Òun ni onídàájọ́ mi, èmi ni onídàájọ́ rẹ̀, a kì í jiyàn. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò borí rẹ̀ rí.

7. Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962, ọjọ́ ọdún òmìnira, a dé pápá Sakété láàárọ̀. Ọdẹ́wálé tún ohùn fèrè mi ṣe lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní fèrè èjìká kẹta kò tíì dá òun lójú. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbá mi léjìká, ó ní ó ti wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohunkóhun tó bá dùn létí yín lára fèrè mi lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ Ọdẹ́wálé ló ti wá.

8. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Kábíyèsí àti fún gbogbo àwọn àgbà tó wà lábẹ́ àtíbàbà, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ńlá tí a fọn lórí ibojì Èṣùbíyìí. Bó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń rìn. Ó kọ ẹ̀yìn sí àtíbàbà, ó rìn títí dé ìdí igi máńgòrò, ó yí, ó padà wá, ó tún kọ ẹ̀yìn, ó tún lọ. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnìkan pòṣé lábẹ́ àtíbàbà. Alága àwọn onídàájọ́, Mùsíọ̀ Séverin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nawọ́ sókè kó dúró. Ọdẹ́wálé kò rí i, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó fọn ọ́n dé òpin. N kò gbọ́ ọ kó fọn ọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí láti Bọ́mà. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ níbi tí mo dúró sí pé bí ti àtẹ̀yìnwá náà ni, kò sí bí mo ṣe lè borí rẹ̀.

9. Mùsíọ̀ Séverin kò bínú. Ó pè mí síwájú, ó ní, “Fádèyí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kọ́ ọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, kí a máa kọ ẹ̀yìn sí àgbà?” Ọdẹ́wálé ń wò mí, òógùn lójú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn. Ìdáhùn náà kò ju “Bẹ́ẹ̀ ni” lọ. Mo wo Kábíyèsí, mo wo súpírẹ́fẹ̀ tó ṣojú ìjọba, mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Ẹ bi í.”

10. Ohun tí mo sọ nìyẹn. N kò parọ́ mọ́ ọn, n kò bú u. Mo kàn ní kí ẹ bi í. Ẹ sì bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní sì ti yẹra. Nígbà tó kan èmi, mo dúró gbagidi níwájú àtíbàbà bí òpó, mo kọjú sí àwọn àgbà, ẹsẹ̀ mi kò yẹ̀. Bí mo ṣe dúró yẹn, mo ti tún fi ara sọ ohun tí mo fi ẹnu sọ.

11. Ìwé ìdájọ́ tí wọ́n fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: “Ọdẹ́wálé: àfojúdi sí àwọn àgbà, a yọ ọ́ kúrò. Fádèyí: ìdúró tó dára, ìtẹríba, ipò kìn-ín-ní.” Ẹ wá a títí, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ kan nípa orin níbẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀yìn ni wọ́n dá lẹ́jọ́, wọn kò dá fèrè lẹ́jọ́. Mo fo ìyípadà kẹta nínú orin mi pátápátá, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí mo sì máa padà sí ìpìlẹ̀, ìka mi ṣìnà, mo fi ohùn kan bo ara mi láṣìírí tí kò sí nínú orin náà rárá. Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ lórí pápá yẹn, òun ni wọ́n sì ti yọ kúrò. Èyí ni ẹ̀hónú mi sí àwọn onídàájọ́, n kò sì ní fi bò: ẹni tí yóò dájọ́ orin, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

12. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀bi lé Mùsíọ̀ Séverin. Nílẹ̀ wa, a kì í kọ ẹ̀yìn sí ọba, ọmọdé pàápàá mọ̀. Ohun tó ṣàjèjì sí i ló rí, ó sì ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe: ó béèrè. Lọ́wọ́ mi ló ti béèrè. Bí ẹ bá ń wádìí ohun tó mú mi sọ ohun tí mo sọ, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́. Ẹ̀rù àwọn àgbà bà mí, òótọ́ ni. Ìyẹn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ borí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe ẹnìkejì, mo sì rí ọ̀nà kan lójijì tí mo lè fi ṣe ẹni kìn-ín-ní láìfọn fèrè jù ú lọ.

13. Ẹ̀bùn náà ni àga aláṣọ kan, irú èyí tí a lè ká. Mo gbé e lérí délé. Ọdẹ́wálé kò bú mi, kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló dé. Ó tú fèrè rẹ̀ palẹ̀, ó wé e sínú aṣọ, ó wọ ọkọ̀ kàmíọ̀n mìíràn padà kí a má bàa jọ rìn. Láti ọjọ́ náà, a kò tíì sọ̀rọ̀. Mo ti lọ sí Ahoyéyé lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ó wà lóko. Ìgbà kejì, wọ́n tún ní ó wà lóko, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó wúkọ́ nínú yàrá. Mo mọ ikọ́ rẹ̀. Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bóyá yóò tún wúkọ́. Kò wúkọ́ mọ́. Mo padà sílé.

14. Ìyàwó mi ti kú, Edwige ọmọ mi sì ti lọ́kọ sí Porto-Novo. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ má ṣe rò pé mo ń fi èyí tọrọ àánú. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ iye ènìyàn tó kù fún mi. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ṣì ń lọ sídìí igi òro. Mo máa ń gbé àga náà lọ, n ó tú u sílẹ̀, n ó gbé e síbi tí Ọdẹ́wálé máa ń dúró sí. N kò jókòó lé e rí. Fèrè èjìká mi ti yẹ̀ kúrò lójú ohùn, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti gbìyànjú láti dá a tún ṣe. N ó fà á, n ó tì í, etí mi á sọ fún mi pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi kò sẹ́ni tí yóò sọ fún mi pé ó ti wọlé, n kò sì lè gba etí tèmi gbọ́ mọ́. Àwọn tó ń lọ ọjà kí mi pé mo kú iṣẹ́, wọ́n ní fèrè náà dùn. Kò dùn. Ó ń ké ní tòótọ́ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí gbogbo ilé ti lọ sóko.

15. Ní oṣù Kẹrin, Jádesọ́lá, ìyàwó Ọdẹ́wálé, wá bá mi nílé. Ó ní fèrè ọkọ òun wà lórí àjà ìdáná láti ọdún tó kọjá, pé àpò rẹ̀ ti ń gan. Awọ fèrè alápò, èémí ènìyàn ló ń mú un rọ̀. Bí a kò bá fọn ọ́n, yóò gbẹ, yóò sì ya, awọ tó bá ti ya bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rán. Jádesọ́lá ní òun bi í bóyá yóò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ọdún yìí. Ó ní ọkọ òun kò wo ojú òun, ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà Pobè, ó ní, “Ẹ bi í.” Kò yé obìnrin náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Bàbá Edwige, kí ni kí a bi yín?” Mo ní kó máa lọ, pé n ó ronú sí i. Mo ti ronú sí i fún oṣù méjì. Ìwé yín ti oṣù Karùn-ún ló wá pa ìrònú náà pọ̀, tí ẹ ní kí n wá gba ẹ̀bùn ìdíje tí kò sẹ́ni tí mo bá díje. Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

16. Nítorí náà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ Ìgbìmọ̀ yín lórí nǹkan mẹ́ta yìí.

Èkíní, kí ẹ pa ìdájọ́ ọdún 1962 rẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ Ọdẹ́wálé sí ipò kìn-ín-ní. Àga náà ń bọ̀ nínú kàmíọ̀n awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Firmin lọ́jọ́ ọjà yín. Ẹ óò rí i pé aṣọ rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ahoyéyé ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Èkejì, kí ẹ jẹ́ kí afọnfèrè máa rìn. Bí ó bá ń ni yín lára pé kó kọ ẹ̀yìn sí Kábíyèsí, ọ̀nà wà. Ẹ gbé àtíbàbà kúrò níwájú, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pápá lápá ibi tí kànga wà. Bí afọnfèrè bá ń lọ sídìí igi máńgòrò tó sì ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ óò máa rí. Mo ti lọ wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin mẹ́fà lè gbé àwọn àga náà kí oòrùn tó mú.

Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀, kí wọ́n tó lu aago ìdíje, mo bẹ̀ yín kí ẹ pè mí síwájú ní pápá kan náà, lójú àwọn ènìyàn kan náà, kí Mùsíọ̀ Séverin tún bi mí ní ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́sí, bó ti bi mí gan-an, kó má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Mo lè kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n bébà kò ní ohùn, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sì mọ̀wé kà. Ẹ ránṣẹ́ sí Ọdẹ́wálé pé kó wá dúró síbi tó dúró sí. Kò di dandan kó mú fèrè rẹ̀ dání. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ẹ ó bi mí.

Bí kò bá wá, ẹ bi mí bákan náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á délẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ń retí ìbéèrè,

Zacharie Fádèyí,
Ẹnìkejì nínú Ìdíje Fèrè Alápò, 1962.